Bí ayé ṣe ń wọ́ àlàfo yí ara rẹ̀ ká, àti ọgbọ́n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n

Ìbéèrè tó wọlé láti Kúbwá, ní Àbújá: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Fisíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS3. Ọmọ kan dìde ní kíláàsì, ó ní òun gbọ́ pé bí ayé ṣe ń yí, ó ń wọ́ àlàfo tó yí i ká lọ́wọ́, ìyẹn sì ń sún àwọn sátẹ́láìtì kúrò lójú ọ̀nà wọn. Mi ò rí èsì fún un. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Ṣé sátẹ́láìtì Nàìjíríà náà lè wọ̀n ọ́n?”

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Òótọ́ lọmọ yẹn gbọ́, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un pé rírí rẹ̀ kọ́ ló le níbẹ̀. Nǹkan mìíràn wà tó jọ ọ́, tó tóbi jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ra. Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ló gba àwọn àgbà onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ọgbọ́n tí wọ́n fi yà wọ́n ni mo fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́, torí ọmọ tó ti ṣe simultaneous equation rí lè lóye rẹ̀ dáadáa.

Lójú Newton, bí ayé ṣe wúwo tó àti bí a ṣe jìnnà sí i tó ló ń sọ bí òòfà rẹ̀ ṣe máa rí. Ayé ì báà yí, ì báà dúró sójú kan, òòfà náà kò mọ̀ ọ́n. Einstein ló yí ọ̀rọ̀ padà ní 1915, nígbà tó ní àlàfo àti àkókò jọ hun pọ̀ bí òwú inú aṣọ kan, aṣọ náà a sì máa tẹ̀ níbi tí ohun tó wúwo bá wà. Ní 1918, àwọn ọmọ Austria méjì, Josef Lense àti Hans Thirring, jókòó ti ìṣirò náà, wọ́n bi í léèrè pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ohun tó wúwo yẹn bá tún ń yí. Èsì tí wọ́n rí ni pé yóò máa wọ́ àlàfo lọ síbi tí òun náà ń yí sí, ọ̀nà àyípo ohunkóhun tó bá ń yí i ká yóò sì máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé e. Frame-dragging ni wọ́n ń pè é nínú ìwé wọn. Wíwọ́ ni màá máa pè é níhìn-ín.

Ẹ fi ojú inú wo orógùn tí wọ́n gún sáàárín ìkòkò àmàlà tó ti ń ki, tí ẹnì kan sì ń yí i lójú kan náà. Àmàlà tó sún mọ́ orógùn á bá a yí, èyí tó wà létí ìkòkò á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Bẹ́ẹ̀ ni wíwọ́ náà ṣe ń rẹ̀yìn bí a bá ń jìnnà sí ayé, ó tiẹ̀ ń yára rẹ̀yìn: bí ọ̀nà àyípo kan bá fi ìlọ́po méjì tóbi ju òmíràn lọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ìyẹ̀ rẹ̀ máa jẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gbára lé orógùn jù. Àlàfo kì í ṣe ohun tó ń ki, kò sì sí ìfọwọ́kan kankan níbẹ̀. Ẹ gbé aago méjì sójú ọ̀nà kan náà lókè ìlà agbedeméjì ayé, kí ọ̀kan máa lọ sí ìlà-oòrùn bí ayé ṣe ń yí, kí èkejì máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá ń ro orógùn á ní èyí tó bá ayé rìn ni yóò kọ́kọ́ yí i ká tán. Ìṣirò Einstein sọ òdìkejì rẹ̀: òun gan-an ni yóò pẹ́ jù, ìyàtọ̀ wọn yóò sì tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí gan-an, torí ó ń kọ́ ọmọ láti tẹ̀lé ìṣirò kódà níbi tí àfiwé bá ti ṣì wá lọ́nà.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, NASA ju bọ́ọ̀lù kan sókè tí wọ́n pè ní LAGEOS. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní bátìrì, kò ní kámẹ́rà, kò lè fọhùn. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ó sì wọn nǹkan bí 407 kílò, ìyẹn ni pé irin ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n wá to dígí kéékèèké 426 sí gbogbo ara rẹ̀. Iṣẹ́ dígí wọ̀nyí ni pé ibi yòówù kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an ni wọ́n ń dá a padà sí. Ó wà ní nǹkan bí 5,900 kìlómítà lókè wa, ó sì ń fi nǹkan bí wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta yí ayé ká. Àwọn tó wà nílẹ̀ ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà sí i, wọ́n á wo aago. Ìmọ́lẹ̀ náà á kan dígí, á padà wá, wọ́n á tún wo aago. Gbogbo àlọ àti àbọ̀ yẹn kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lókè orí. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rin 30 sẹ̀ǹtímítà nínú ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tí aago rẹ̀ bá dára tó lè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn wà láìfi ju sẹ̀ǹtímítà kan ṣìnà.

Kí ni wọ́n wá ń wò lára rẹ̀? Ẹ ka ọ̀nà àyípo rẹ̀ sí rímù kẹ̀kẹ́ ńlá kan tí wọ́n fi yí ayé ká, tó sì dagun. Rímù yẹn ń gba orí ìlà agbedeméjì ayé kọjá ní ojú ibi méjì. Bí ayé bá ń wọ́ àlàfo, ojú ibi méjèèjì yẹn yóò máa sún sí ìlà-oòrùn. Báwo ló ṣe ń sún tó? Ẹ pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, kí ẹ tún pín ẹyọ kan nínú rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún kan. Nǹkan bí 31 nínú irú ègé bẹ́ẹ̀ ni rímù LAGEOS ń sún lọ́dún. Ká sọ pé ènìyàn dúró ní Àbújá, tó ń wo ẹni tó dúró ní Kàdúná, tí ojú rẹ̀ sì lè ríran débẹ̀: bí ẹni yẹn bá sún ẹsẹ̀ ní ìbú ìka méjì péré láàárín ọdún kan gbáko, bí ojú ẹni tó ń wò ó ṣe máa yí tó nìyẹn. Kí rímù náà tó lè sún yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ó máa tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 42.

Síbẹ̀, lórí ọ̀nà àyípo tó tóbi tó báyẹn, ìbú ìka méjì ti di nǹkan bíi mítà méjì ó dín díẹ̀ lọ́dọọdún. Mítà méjì kò sì pamọ́ fún lésà tó ń rí sẹ̀ǹtímítà. Nítorí náà ọmọ yín lè béèrè pé kí ló wá pẹ́ wọn.

Ikùn ayé ni. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo fi ń jẹun, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ikùn yìí wí. Ayé kò rí roboto bí ọsàn. Yíyí tó ń yí ti mú kó yọ ikùn níbi ìlà agbedeméjì, débi pé ẹni tó dúró níbẹ̀ fi nǹkan bíi kìlómítà 21 jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé ju ẹni tó dúró ní òpin àríwá lọ. Gbogbo ìwé ilẹ̀ àtijọ́ wa tó ti orí òpó L40 ní Minna bẹ̀rẹ̀ ló ní bí ikùn náà ṣe yọ tó nínú, gẹ́gẹ́ bí Clarke, awọnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣe ṣírò rẹ̀ ní 1880. Àwọn tó ṣe GPS lo òmíràn. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà Minna àti nọ́ńbà GPS kì í fi bára mu, tí awọnlẹ̀ tí kò bá fara balẹ̀ fi lè gbé òpó oníbàárà rẹ̀ bọ́ sínú ilẹ̀ aládùúgbò.

Ikùn yìí náà ń fa rímù sátẹ́láìtì. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ dùbúlẹ̀ sórí ìlà agbedeméjì, àmọ́ nítorí pé sátẹ́láìtì ń sáré, kò ṣubú. Ńṣe ló ń yí kiri, bí òkòtó ṣe máa ń mi orí rẹ̀ yíká nígbà tí agbára rẹ̀ bá ń tán lọ. Ti LAGEOS, ikùn ayé ń yí rímù rẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 126 lọ́dún. Ẹ fi ìyẹn ṣírò lórí ọ̀nà àyípo rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan bí 27,000 kìlómítà. Ohun tí à ń wá kò pé mítà méjì. Ìlà-oòrùn kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń lọ, kò sí àmì kankan lára wọn tó ń sọ pé ti ikùn rèé, ti wíwọ́ rèé.

Ikùn ọ̀hún kò tilẹ̀ dúró bákan náà. Yìnyín ń yọ́, omi òkun ń rìn, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ láyé ìgbà òtútù àtijọ́ ṣì ń gbéra díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ní Kúbwá yìí, òṣùpá àti oòrùn ń gbé e sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ lójoojúmọ́, ó lè tó 30 sẹ̀ǹtímítà nígbà mìíràn, a kò kàn mọ̀ nítorí pé ilé àti igi àti àwa fúnra wa jọ ń gòkè ni. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tún ń sún lọ sí àríwá ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ́dún. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn pàápàá ń ti bọ́ọ̀lù náà, ooru tó bá sì gbà sára á tún tì í bó bá ń tú jáde. Ẹni tó bá fẹ́ rí wíwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ gbogbo ìwọ̀nyí, kó sì yọ wọ́n kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní 1986, ọmọ Ítálì kan, Ignazio Ciufolini, mú ìmọ̀ràn kan wá tí mo máa ń gbádùn láti sọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ọkọ̀ ojú omi méjì wà níbẹ̀, àwọn tó ń wà wọ́n lágbára bákan náà. Wọ́n ti ojú kan náà ṣí, ọ̀kan dojú kọ òkè odò, èkejì dojú kọ ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi agbára kan náà wà á fún wákàtí kan. Ẹ̀yin tó dúró sétí odò kò mọ bí agbára wọn ṣe tó. Ẹ kàn wá àárín àwọn ọkọ̀ méjèèjì ni. Bí odò kò bá ṣàn rárá, àárín wọn yóò ṣì wà níbi tí wọ́n ti ṣí. Bó bá ti sún sísàlẹ̀, odò ló gbé e, bó sì ṣe sún tó ni odò ṣe ń ṣàn tó. Ẹ ti wọn odò láìmọ ohunkóhun nípa ọwọ́ awakọ̀.

Ikùn ayé ni ọwọ́ awakọ̀, wíwọ́ ni odò. Rímù LAGEOS dagun ní dígírì 109.84 sí ìlà agbedeméjì ayé. Ciufolini ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù mìíràn sókè ní gíga kan náà, kó dagun ní dígírì 70.16, kí méjèèjì lè pé 180. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ikùn ayé á yí ti àkọ́kọ́ sí ìlà-oòrùn, á sì yí ti èkejì sí ìwọ̀-oòrùn lọ́gbọọgba. Wíwọ́ ní tirẹ̀ kò bìkítà bí rímù ṣe dagun, ìlà-oòrùn ló ń gbé méjèèjì lọ. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ikùn á pa ara rẹ̀ rẹ́, wíwọ́ á di ìlọ́po méjì.

Wọn kò tètè rí bọ́ọ̀lù yẹn jù. LAGEOS 2 gòkè ní oṣù Kẹwàá 1992, àmọ́ dígírì 52.6 ni wọ́n gbé e sí, nítorí iṣẹ́ mìíràn. Ciufolini àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Erricos Pavlis, bá a lò bẹ́ẹ̀ náà. Níbí ni simultaneous equation ti wọlé: ohun méjì ni a kò mọ̀, àṣìṣe tó wà nínú ìṣirò ikùn ayé àti bí wíwọ́ ṣe tó, bọ́ọ̀lù méjì sì fún wa ní ìlà ìṣirò méjì, kí a lé ikùn jáde kí wíwọ́ nìkan kù. Àwọn gegele àti kòtò kéékèèké tó kù lára òòfà ayé ni sátẹ́láìtì ìbejì GRACE, tó gòkè ní 2002, bá wọn yàwòrán rẹ̀. Ní 2004 wọ́n kéde pé ohun tí àwọn rí jẹ́ ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí Einstein sọ, wọ́n sì ní àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀ kò ju ìdá mẹ́wàá lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pé àṣìṣe náà kéré tó bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn náà sì gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dára kí àwọn ọmọ gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú: nínú irú iṣẹ́ yìí, nọ́ńbà tó tẹ̀lé “ó lè fi báyìí ṣì” wúwo tó nọ́ńbà gan-an.

Ní oṣù Kejì 2012, LARES gòkè, bọ́ọ̀lù tungsten tí ìbú rẹ̀ kò tó 37 sẹ̀ǹtímítà, tó sì wọn nǹkan bí 387 kílò. Wọ́n mú un kéré, wọ́n mú un wúwo, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ má baà rí i tì. Àfi ọjọ́ 13 oṣù Keje 2022 ni LARES 2 tó gòkè lọ sí dígírì 70.16, ní gíga LAGEOS gan-an. Ọdún 36 lẹ́yìn ìmọ̀ràn yẹn! LAGEOS tí wọ́n jù ní 1976, tí kò ní bátìrì tó lè kú, ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró de èkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wú mi lórí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò fi ti rímù ṣe, òkòtó ló lò. Òkòtó tó bá ń yí kíkankíkan kì í yí ojú rẹ̀ kúrò níbi tó kọ sí. Bí àlàfo fúnra rẹ̀ bá wá yí, ojú òkòtó á bá a yí. Ọkọ̀ òfurufú Gravity Probe B gòkè ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2004, Francis Everitt ti Stanford ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Bọ́ọ̀lù quartz mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bọ́ọ̀lù ping-pong, tí wọ́n dán débi pé agbára káká ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe fi lè rí roboto jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rì wọ́n sínú òtútù helium, wọ́n sì kọjú wọn sí ìràwọ̀ IM Pegasi. Wọ́n ní kí ọkọ̀ náà máa gba orí òpin àríwá àti òpin gúúsù kọjá, nítorí pé níbẹ̀, títẹ̀ tí àlàfo tẹ̀ nítorí ìwúwo ayé, tó yẹ kó yí ojú òkòtó ní ègé 6,606 lọ́dún, àti wíwọ́, tó yẹ kó yí i ní 39 péré, máa dábùú ara wọn, ńlá kò ní lè bo kékeré mọ́lẹ̀. Ètò yẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná díẹ̀ lẹ̀ káàkiri ara bọ́ọ̀lù àti ara ilé tí wọ́n wà, ó ń ti òkòtó síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ní 2011 wọ́n gbé 37.2 jáde, tó lè fi 7.2 ṣì sókè tàbí sísàlẹ̀. Ó bá ti Einstein mu, àmọ́ àwọn bọ́ọ̀lù onídígí, tí owó wọn kò tó tirẹ̀, ti ń rí i kedere jù ú lọ báyìí. Lójú tèmi, a ṣì nílò méjèèjì, torí ohun tó lè ṣi òkòtó lọ́nà yàtọ̀ sí ohun tó lè ṣi rímù lọ́nà.

Lọ́nà jíjìn sí ayé, wọ́n ti rí ipa wíwọ́ lára ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn ká láàárín wákàtí márùn-ún ó dín díẹ̀, PSR J1141-6545. Awò ńlá Parkes ní Australia ló fi nǹkan bí ogún ọdún ṣọ́ wọn kí èsì tó jáde ní 2020.

Ní ti sátẹ́láìtì wa, rárá ni, kì í sì í ṣe àbùkù wa. NigeriaSat-1 tó gòkè ní 2003 kò tó 700 kìlómítà sókè. Afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń fà á sẹ́yìn, ó rí bí àpótí tí oòrùn ń rí ojú púpọ̀ tì, ó fúyẹ́, àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ọ láti máa yà. Wíwọ́ ń bẹ lára rẹ̀ lóòótọ́, ó tilẹ̀ ju ti LAGEOS lọ torí ó sún mọ́ ayé, ṣùgbọ́n ariwo tó bò ó mọ́lẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù LAGEOS kò jìnnà sí wa bí ọmọ yín ṣe lè rò. Ojú kan ṣoṣo tí gbogbo ayé gbà pé àárín gbùngbùn ayé wà, tí gbogbo nọ́ńbà GPS gidi ti bẹ̀rẹ̀, lésà tí wọ́n ń ta sí bọ́ọ̀lù wọ̀nyí ni wọ́n fi ń rí i. Àwọn ibùdó NIGNET tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa gba àmì GPS, títí kan èyí tó wà ní Àbújá àti èyí tó wà ní Zaria, orí rẹ̀ ni wọ́n dúró. Bí awọnlẹ̀ bá wá ri òpó sí ilẹ̀ yín ní Kúbwá lọ́la, ara ohun tó gbára lé nìyẹn.

Ibùdó tó ń ta lésà ni a kò ní. Helwan wà ní Íjíbítì, Hartebeesthoek wà ní South Africa, àlàfo tó wà láàárín wọn sì gbòòrò gan-an. Ó ń dùn mí, torí bí ibùdó bá ṣe tàn káàkiri ayé tó ni gbogbo ìṣirò yìí ṣe ń dára tó. Lésà kì í gba inú kùrukùru kọjá, nítorí náà gúúsù kò rọrùn. Àríwá ní ojú sánmà tó mọ́ láti oṣù Kẹwàá, àmọ́ ọyẹ́ á dé pẹ̀lú eruku rẹ̀, á sì bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí níbi tí a lè kọ́kọ́ dán an wò, màá ní kí wọ́n gun orí òkè Jos, tó fi ju 1,200 mítà lọ ga ju òkun, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ fún ọdún kan, kí wọ́n sì máa ka iye òru tí ìràwọ̀ hàn kedere.